Obìnrin Kẹta Lára Páálí Àwo

Nígbà tí páálí àwo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo mọ ohùn ìyá mi yàtọ̀ láàárín ohùn mẹ́jọ. Àwọn obìnrin mẹ́jọ ló jókòó lára páálí náà, lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, wọ́n wọ irú aṣọ kan náà. Méje nínú wọn di ṣùkú, irun wọn ga bí adé. Ẹni kẹta láti apá òsì nìkan ló so síkáàfù kékeré mọ́rí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Òun ni ìyá mi.

Orin wákà ló wà nínú àwo náà. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ẹlẹ́gbè ti máa ń gbe orin pọ̀, wọ́n á wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ohùn obìnrin kan máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Á gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti pa ẹnu dé, kí òun náà tó já. Ohùn yẹn ni mo fi sí ẹnu obìnrin kẹta. Ẹnu tiẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, ta ni ì bá tún jẹ́?

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá mi kú. Mi ò rántí ara rẹ̀, mi ò rántí òórùn rẹ̀. A ò ní fọ́tò mìíràn tó yà. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó pákó, ló ra àwo náà sí ilé wa ní Kétu. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á ṣí ìdérí ṣánjà, ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo, á fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nu àwo, á sì na páálí sí mi. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò bá sí ọwọ́ kan tó mú páálí rẹ̀ dání. Kódà tí àlejò bá wà, bàbá mi á gbé abẹ́rẹ́ sókè, á béèrè pé, “Ta ló mú páálí?” Tí mo bá ti dáhùn pé èmi ni, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ilé. Ìgbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòsí, tí wọ́n fi orin sí i, tí páálí wà nílẹ̀ lábẹ́ àga, ẹ̀rù bà mí fún wọn.

Tó bá yí àwo sí ojú kejì, ó yẹ kí n yí páálí náà padà, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mi kì í yí i.

“Ẹ̀yìn ló ń kọ, ìwọ ń wo iwájú,” bàbá mi á wí.

“Mo fẹ́ iwájú.”

“Ó dáa. Má jẹ́ kó tẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló na ìka sí i fún mi. Ó ní, “Ìyá ẹ nìyí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì béèrè. Ní ilé wa, a kì í da ọ̀rọ̀ òkú bo ẹni tó ń gbìyànjú láti jẹun.

Mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́yìn tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi obìnrin kọ́ mi ni pé kí n máa wo èjìká, pé èjìká ló ń sọ bóyá aṣọ mọ olówó rẹ̀. Ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo mú páálí àwo, mo wo èjìká ìyá mi. Búbá náà tóbi jù fún un. Ojú ìrán èjìká ti sọ̀ kalẹ̀ dé apá, ọwọ́ aṣọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìka rẹ̀. Ti àwọn méje yòókù bá wọn mu régí. Mo gbà pé àìsàn tó pa á ti ń jẹ ẹ́ lára nígbà yẹn, pé ó ti rù kí wọ́n tó ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ohùn tó ń ṣẹ́kù sẹ́yìn yẹn bá dé, ohùn aláìsàn ni mò ń gbọ́. Mo sunkún nítorí èjìká yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bàbá mi kú, ṣánjà bàjẹ́, mo lọ́kọ, ọkọ mi náà kú. Àwo àti páálí rẹ̀ ń bá mi kó láti ilé dé ilé. Mo máa ń mú páálí náà dání nígbà mìíràn láìsí ẹ̀rọ kankan, mo sì máa ń gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ilé tí mo gbé gbẹ̀yìn kí n tó dé ibi tí mo wà yìí wà ní apá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ọjà Mile 12, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ sí odò. Ọ̀sán ni omi wọlé bá wa. Mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀. Èmi àti obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi jọ dúró lórí tábìlì, lẹ́yìn náà a jọ gun fẹ́ǹsì. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ṣófo. Àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi ló wá gbé mi kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí omi fà, mo bá àwo náà nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo nù ún, nǹkan kan ò ṣe é. Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ni páálí wà. Bí mo ṣe gbé e, ó ń já lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tó ti gbóná jù. Mo mú ọ̀bẹ, mo fẹ́ fi ṣí ibi tí obìnrin kẹta wà, kí n ṣáà rí ojú rẹ̀ mú jáde. Àwọ̀ ojú náà bá ọ̀bẹ lọ.

Alápẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbé báyìí, lókè pátápátá nínú ilé alájà méjì. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Báàgì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ìwé mi wà nínú rẹ̀, ìró kan, àti tọ́ọ̀ṣì. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mo máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ka orí tábìlì. Mo mọ̀ pé omi ò lè dé òkè tí mo wà. Mo ṣì ń gbé e.

Obìnrin kan ń ta ṣájà àti àwọn nǹkan èlò fóònù nísàlẹ̀ ilé wa. Ọjọ́ kan tó wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ àwo náà fún un. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti rí orin náà nínú fóònù.

“Mummy, òun nìyí. Ẹnì kan ti gbé e síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ.”

Orin náà ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò fi páálí rẹ̀ sí i. Òdòdó pupa rúsúrúsú kan ló fi síbẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn láàárọ̀. Mo tẹjú mọ́ òdòdó, mo ń dúró. Orin dé ibi tí wọ́n ti ń gbè é, ó sì kọjá.

“Ṣé kì í ṣe òun ni?”

“Òun ni. Ìyá mi ni ò sí níbẹ̀.”

“Mummy, ohùn kì í kúrò nínú orin kẹ̀.”

“Tún fi sí i.”

Ó tún fi sí i. Ó fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn tó ń ṣẹ́kù sẹ́yìn yẹn wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ohùn obìnrin kan lásán ni. Ó fi orin náà sínú fóònù mi kí ó tó lọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń ránṣọ, mò ń gbọ́ ọ, mò ń di ojú, mò ń gbìyànjú láti to àwọn obìnrin mẹ́jọ sórí bẹ́ǹṣì. Mo lè to méje. Ojú ẹni kẹta ti ń kúrò lọ́kàn mi, ibi tí mo ti fi ọ̀bẹ fà á ni mò ń rí. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn kò yàtọ̀ sí ti orí fẹ́ǹsì.

Oníbàárà mi kan tó gbé síkẹ́ẹ̀tì wá láti tún síìpù rẹ̀ ṣe ló gbọ́ orin náà lọ́dọ̀ mi.

“Aunty, kí lẹ fi ń gbọ́ orin Alhaja wa?”

“Alhaja wo?”

“Ìyá landlord wa. Ó wà nínú ẹgbẹ́ wákà yìí nígbà èwe ẹ̀. Àwo ẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀ ẹ̀, ó fi náílọ́ọ̀nù wé páálí ẹ̀ kọ́ ògiri.”

Mo béèrè ibi tí ilé náà wà. Àdúgbò tó dárúkọ kò ju òpópónà méjì lọ sí ibi tí omi ti gbé wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣe síìpù rẹ̀. Mi ò lọ. Àsìkò òjò ni. Mo ní tí ó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ màá lọ. Tó bá ti ń kọjá, oníbàárà náà á béèrè pé, “Aunty, ẹ ti lọ?” Màá ní, “Mò ń bọ̀.” Ìgbà tó yá, ó ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, àwọn ọmọ Alhaja ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ìlọrin ní Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ka tábìlì, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo sọ̀ kalẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti Mile 12 wò mí nínú dígí rẹ̀. “Mummy, ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ fẹ́ fa ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mi tu.” Mi ò fi í sílẹ̀. Gbogbo gọ́tà tí a kọjá ni mo wò, mo ń wo ibi tí omi rẹ̀ dé. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì kan tí wọ́n ti kùn ní funfun. Mo yí ojú sí apá kejì.

Àga aláwọ ni Alhaja jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ rẹ̀, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú àpò ńláńlá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

“Ẹ kú ilé o, Alhaja.”

“Tó o bá wá nítorí bílì iná, landlord ò sí nílé.”

“Rárá, mà. Aránṣọ ni mí, láti Alápẹ̀rẹ̀.”

“Mi ò rán aṣọ. Èyí tí mo ní ò wọnú àpò tán.”

“Páálí àwo yín ni mo fẹ́ wò, mà. Ìyá mi wà lára ẹ̀.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Èwo nínú wọn?”

“Ẹni kẹta láti apá òsì.”

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Ọmọ onídìrí! Ìwọ tó máa ń ké lẹ́yìn ẹ̀ bí ewúrẹ́! Wọlé wá, jàre.”

Mi ò mọ̀ pé onídìrí ni ìyá mi. Mo wọlé.

Páálí náà wà nínú náílọ́ọ̀nù lára ògiri. Ó ní kí n yọ ọ́. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nígbà tí mo ríran, mo kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe páálí kan náà. Gbogbo ṣùkú ti pòórá. Ẹnì kan ti fi bírò búlúù ya síkáàfù lé orí àwọn obìnrin náà, ó kùn ún títí ó fi ń dán.

“Kí ló ṣe orí wọn, mà?”

“Èmi ni. Ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé. Àwọn èèyàn ń wá gbàdúrà nínú pálọ̀ mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣí orí sílẹ̀ gbalasa lára ògiri. Mo ní kí n bò wọ́n láṣìírí. Bírò mẹ́ta ni mo lò tán. Ìyá ẹ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, òun ti so tiẹ̀.”

Òun nìyẹn lóòótọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní láàárín búlúù. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo ti gbàgbé pé imú rẹ̀ jọ tèmi.

“Àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ wí. Ẹ̀yin dà, mà?”

“Mi ò sí níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni, kò tíì pé ogójì ọjọ́, ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ yọjú síta. A ti kọ orin yẹn tipẹ́ kí ọjọ́ fọ́tò tó dé. Ọ̀gá wa ní mẹ́jọ la kọ ọ́, mẹ́jọ ni aráyé gbọ́dọ̀ rí. Ìyá ẹ ló dirí fún gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó tẹ̀ lé wọn débẹ̀ kó lè máa tún un ṣe. Ni wọ́n bá mú un, wọ́n gbé búbá mi wọ̀ ọ́.”

“Ó tóbi jù fún un léjìká,” ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó mọ̀.

“Bí ò ṣe ní tóbi? Mo sanra nígbà yẹn, ìyá ẹ sì tín-ín-rín bí ìlasa. Kò rí ẹni dirí fún òun alára, ló fi so síkáàfù.”

Mo jókòó sórí àpò ẹrù rẹ̀ kan. Mo béèrè ohun tó kù láti béèrè. “Kò wá sí nínú orin náà rárá?”

“Ìyá ẹ? Kọrin?” Ó tún bú sẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Tí ìyá ẹ bá dá orin níbi tó ti ń dirí, àwọn oníbàárà ẹ̀ á ní kó kúkú fa irun àwọn tu.”

“Ohùn kan wà tó máa ń gbẹ̀yìn, mà. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá dákẹ́.”

“O gbọ́ ìyẹn?” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Èmi ni. Oyún ń dà mí láàmú, mi ò tètè rí èémí gbé. Ọ̀gá wa bú mi délé nítorí ẹ̀.”

Ó sọ ohùn náà jáde níbi tó jókòó sí, díẹ̀ báyìí. Ohùn rẹ̀ ti sán, àmọ́ ó gòkè níbi tó máa ń gòkè, ó sì já níbi tó máa ń já. Mo tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí mo fi ń sunkún láti kékeré nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Bàbá mi ò purọ́ fún mi. Ó ní ìyá mi nìyí, ìyá mi sì ni. Èmi ni mo fi ohùn sí i lẹ́nu.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo di báàgì mi mú.

“O wà nínú omi yẹn,” Alhaja wí.

“Mo wà níbẹ̀, mà.”

“Èmi wà lókè ilé yìí, mò ń wo yín. Jókòó. Èyí ò ní pọ̀.”

Mo jókòó. Kí òjò tó dá, mo béèrè ìdí tí ẹnu ìyá mi fi là nínú fọ́tò, nígbà tí kò kọrin. Alhaja ní ìyá mi ló sọ fún òun lọ́jọ́ tó fọ búbá wá dá padà. Onífọ́tò ní kí gbogbo wọn pa ẹnu dé, kí wọ́n máa wo òun. Àwọn méje yòókù mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n pa ẹnu pọ̀ dáadáa. Ìyá mi rí i tí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ju orí sọ́tùn-ún sósì, ṣùkú rẹ̀ fẹ́ wó. Ìgbà tó ń bá a wí ni iná fọ́tò kọ.

“Kí ló ń sọ?”

“Kí ni onídìrí máa ń sọ? ‘Má mi orí.’”

Alhaja fún mi ní páálí náà. Ó ní àwọn ọmọ òun ní Ìlọrin ò ní gbà kí òun kọ́ ọ mọ́ ògiri, bírò tàbí kò sí bírò. Wọ́n gbé Alhaja lọ ní Sátidé. Mi ò tíì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti ìgbà yẹn, mi ò sì mọ ẹni tí màá bi.

Mo fi orin sí i nínú fóònù lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ọmọ mi pè tán. Mo mú páálí dání ní ọwọ́ méjèèjì. Orin dé ibi ìgbè, ohùn Alhaja gòkè lẹ́yìn àwọn yòókù, oyún wà nínú rẹ̀, kò ní èémí. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ báyìí, mi ò sì lè gbọ́ ọ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyá mi jókòó láàárín wọn, kò sọ nǹkan kan. Mo wá gbé páálí náà sójú fèrèsé, mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀. Tí bírò bá dán, ipa irun máa ń yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó tò lọ sí àtàrí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Orí méje.

Mo pa orin. Mi ò lè sọ pé mo rántí ọwọ́ rẹ̀ lórí mi. Kò ṣeé ṣe kó má tíì dirí fún mi rí, àmọ́ mi ò rántí, mi ò sì fẹ́ tún fi ohun tí kò sí síbi tí kò sí. Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú lápá Mile 12. Ẹ̀rọ mi wà nílẹ̀, ó yẹ kí n dìde gbé e. Mo fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, páálí wà lórí itan mi, ẹnu ìyá mi kọjú sí mi. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ sí i, mi ò mi orí.